Dráífà mótà tí kò gbówó lórí: ẹ mọ ohun tí mótà yín ń jẹ kí ẹ tó náwó

Yálà mótà tí yóò máa yí ẹyin nínú ẹ̀rọ ìsàba ní Kétu ni, tàbí fáànù tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí kajú tó ń gbẹ ní Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì kékeré tí ọmọ ilé ìwé kan fẹ́ ṣe ní Àjàṣẹ́, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á dé ọjà Ouando, wọ́n á ní àwọn ń wá dráífà mótà, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń gbé iná bátìrì fún mótà, olùtajà á na bọ́ọ̀dù pupa kan sí wọn, èyí tí wọ́n kọ L298N sí lára. Wọ́n á sanwó. Nígbà tí wọ́n bá délé, tí wọ́n so ó pọ̀, mótà lè máà yí dáadáa, ó sì lè yí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí òórùn iná tó gba yàrá. Bọ́ọ̀dù náà kò burú. Wọn ò béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni: mótà tí mo fẹ́ yí yìí, áńpù mélòó ló ń jẹ nígbà tó bá há?

Mótà tí à ń wí níbí ni ẹ̀rọ tí iná ń mú yí, èyí tí àwa lápá ibí ń pè ní moteur. Èyí tó ń lo iná bátìrì tàbí iná sólà ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ti iná ilé fóòtì 220.

Ìdí tí dráífà fi wà kò le. Arduino Uno ni bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ ètò sínú rẹ̀ kó lè máa darí nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fún wa ní mílíáńpù 20 láìsí wàhálà. Bó bá dé 40, ó ti kan òpin, ibẹ̀ ni yóò ti máa bàjẹ́. Mótà ìṣeré aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò sì ń jẹ tó mílíáńpù 100 sí 200 kódà bí kò bá ru ohunkóhun. Ẹni tó bá mọ Àkàbà Ìdènà ní Kétu á tètè rí ohun tí à ń wí. Ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kan ti tó láti ṣí ilẹ̀kùn ẹnubodè, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ yẹn kọ́ ló ń gbé èrò tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Arduino ni ọwọ́, bátìrì ló ni èrò, dráífà ni ẹnubodè tó wà láàárín wọn. Abájọ tí wọ́n fi ń pe ẹsẹ̀ kan lára MOSFET, trànsístọ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa iná, ní gate, ìyẹn ẹnubodè.

Ẹ wọn mótà náà kí ẹ tó dé ọjà

Bí mótà bá ń yí, òun fúnra rẹ̀ ń ṣe fóòtì tirẹ̀ tó ń ta ko ti bátìrì, èyí ni kì í jẹ́ kó jẹun jù. Bó bá dúró, kò sí atakò mọ́. Wáyà inú rẹ̀ nìkan ló kù tí yóò dá iná lọ́wọ́ kọ́, ìdènà wáyà náà kò sì pọ̀. Ẹ má sì rò pé ọjọ́ tí nǹkan bá di mótà mú nìkan ló ń há. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, ó ti há ná kó tó máa yí. Nítorí náà, iná ìgbà híhá yìí ni dráífà gbọ́dọ̀ lè gbà, kì í ṣe iná tí wọ́n kọ sára mótà.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n láìsun nǹkan kan rèé. Ẹ wá gílóòbù clignotant ọkọ̀, èyí tó jẹ́ fóòtì 12, wáàtì 21. Owó kékeré ni, ẹ ó sì tún lò ó níwájú. Ẹ so ó báyìí: láti + bátìrì lọ sí gílóòbù, láti gílóòbù lọ sí mítà (multimètre) tí ẹ ti yí sí áńpù 10, láti mítà lọ sí mótà, kí mótà padà sí − bátìrì. Bí gílóòbù náà bá ti tàn, kò ní jẹ́ kí iná tó ń kọjá ju nǹkan bí áńpù 1.75 lọ. Ẹ fi píláyà di ọ̀pá mótà mú kó má yí, kí ẹ ka áńpù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ mítà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ so wáyà pa dà síbi tó wà, kí ẹ fi mítà wọn fóòtì orí ẹsẹ̀ méjèèjì mótà. Kí ẹ tó wọn fóòtì, ẹ yọ wáyà pupa mítà kúrò ní ihò 10A, kí ẹ tì í bọ ihò V. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí, tó wá fi ẹnu mítà kan bátìrì gbọnrangandan, ìkọlù iná (court-circuit) ló ṣe yẹn, fúùsì inú mítà á lọ, tàbí kí mítà alára lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi mótà wáípà ọkọ̀ àlòkù ṣe àpẹẹrẹ, torí ó lágbára, ó sì wà lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó ń tú ọkọ̀. Ká ní áńpù 1.6 lẹ kà, fóòtì orí mótà sì jẹ́ 1.3. Ẹ pín 1.3 sí ọ̀nà 1.6, ẹ ó rí òómù 0.8. Bátìrì fóòtì 12 lórí òómù 0.8 jẹ́ áńpù 15. Áńpù 15 ni mótà yẹn yóò gbà bó bá há. Ẹ yí ọ̀pá náà díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí i, torí kábọ̀n tó ń fara kan inú mótà kì í jókòó bákan náà níbi gbogbo. Òómù tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ lò.

L298N ń gba áńpù 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀nà tí yóò fi gbé mótà wáípà.

Ṣé dandan ni kó máa yí síwá sẹ́yìn?

Ibí yìí ni owó pọ̀ sí láti fi pamọ́. Àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní H-bridge wà fún mótà tí yóò máa yí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Fáànù kò nílò ìyẹn. Pọ́ńpù omi kò nílò rẹ̀. Kódà ẹ̀rọ tó ń yí ẹyin kò nílò rẹ̀: bí ẹ bá mú apá irin kékeré tó wà lẹ́nu mótà wáípà, tí ẹ so ọ̀pá mọ́ ọn lọ sí pẹpẹ ẹyin, mótà á máa yí sápá kan ṣoṣo, pẹpẹ á sì máa lọ á máa bọ̀, gẹ́gẹ́ bí wáípà ṣe ń ṣe lójú gíláàsì ọkọ̀. Fún gbogbo irú iṣẹ́ báyìí, MOSFET kan ṣoṣo ti tó. Ó dá mi lójú pé ìdajì àwọn tó ń ra H-bridge kò nílò rẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹ ó wá ni IRLZ44N kan (MOSFET náà nìyẹn), rẹ́sísítọ̀ òómù 150 kan, rẹ́sísítọ̀ 10 kílò-òómù kan, díóòdù Schottky kan (irú tó ń tètè pa ojú dé), kàpásítọ̀ 1000 µF tó ń gba fóòtì 25 tàbí 35, kàpásítọ̀ kékeré 100 nF kan, àti fúùsì ọkọ̀ áńpù 10 pẹ̀lú ilé rẹ̀.

Ẹ dojú IRLZ44N kọ ara yín, kí ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì ni gate, èyí àárín ni drain, ti apá ọ̀tún ni source. Source lọ sí − bátìrì tààrà. Drain lọ sí ẹsẹ̀ mótà kan. Ẹsẹ̀ mótà kejì gba inú fúùsì lọ sí + bátìrì. Láti ẹsẹ̀ 9 Arduino, ẹ gba inú rẹ́sísítọ̀ 150 lọ sí gate. Rẹ́sísítọ̀ 10 kílò-òómù wà láàárín gate àti source, ẹ má ṣe fò ó. Nígbà tí Arduino bá ń jí, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí, gate tí kò sí ẹni tó dì í mú á sì ṣí fúnra rẹ̀. Mótà á kàn ṣàdédé yí, bóyá nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan wà nínú pẹpẹ ẹyin. Rẹ́sísítọ̀ yẹn ló ń fa gate wálẹ̀ títí Arduino yóò fi sọ̀rọ̀.

Wáyà − Arduino àti − bátìrì mótà gbọ́dọ̀ jọ pàdé. Bí wọn ò bá pàdé, gate kò mọ fóòtì tí Arduino ń wí, mótà á máa jìgìjìgì tàbí kó dákẹ́ pátápátá. Ibi tí wọ́n máa pàdé ni ẹsẹ̀ source gan-an, kí iná ńlá mótà má baà gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ Arduino kọjá.

Irin tó wà lẹ́yìn IRLZ44N àti drain, ohun kan náà ni. Iná wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan àpótí irin.

Díóòdù la fi ń gba MOSFET lọ́wọ́ mótà. Wáyà inú mótà kì í gbà kí iná tó ń sáré nínú rẹ̀ dúró lójijì. Bí MOSFET bá pa á, iná yẹn á wá ọ̀nà mìíràn gbà, fóòtì á fò sókè títí yóò fi ju fóòtì 55 tí IRLZ44N lè gbà. Díóòdù ṣí ọ̀nà padà fún un: orí tó ní ìlà funfun kọjú sí +, orí kejì sí drain. Bí ẹ bá yí i sódì, MOSFET á ṣí tán, iná á gba inú díóòdù láti + sí − láìkan mótà rárá. Bí fúùsì kò bá tètè lọ, díóòdù tàbí MOSFET á lọ.

1N4007 tó wà níbi gbogbo kò tó fún iṣẹ́ yìí. Áńpù 1 ló ń gbà, ó sì ń lọ́ra láti pa ojú dé, bẹ́ẹ̀ Arduino ń tan MOSFET ó ń pa á ní ìgbà 490 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ẹsẹ̀ 9. Mótà kékeré lè fi ara mọ́ 1N5819 tó jẹ́ áńpù 1 tàbí 1N5822 tó jẹ́ áńpù 3. Fún mótà wáípà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí ẹ tọrọ pówà kọ̀ǹpútà tó ti kú. Lórí irin atúyọ ooru inú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí fóòtì 5 àti 12 ti ń jáde, ẹ sábà máa ń bá díóòdù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi MBR2045CT, tó ń gba áńpù 20 àti fóòtì 45. Díóòdù méjì ló wà nínú rẹ̀: ẹ so ẹsẹ̀ méjì tó wà létí pọ̀ sí drain, ẹsẹ̀ àárín lọ sí +. Irin atúyọ ooru náà, ẹ mú un pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú pówà yẹn, ẹ jẹ́ kó pẹ́ tó ti kúrò lójú iná, kí ẹ fi mítà wo kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀. Ó lè ṣì ní fóòtì 300 nínú, kò sì ní kì yín nílọ̀.

Lẹ́tà L tó wà láàárín orúkọ IRLZ44N ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. IRFZ44N jọ ọ́ bí ìbejì, ó sì wọ́pọ̀ lọ́jà ju òun lọ. Ọ̀kan lè ṣí dáadáa bí gate bá gba fóòtì 5 Arduino. Èkejì ń fẹ́ fóòtì 10 kó tó ṣí tán. Fóòtì 5 á ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ ni, bí ilẹ̀kùn tí a ṣí sí àbọ̀, mótà á yí, ẹ ó sì rò pé ó ti dáa, àmọ́ ohun tí kò ráyè kọjá yẹn ń di ooru nínú MOSFET. Ẹ fojú wo lẹ́tà náà nínú oòrùn kí ẹ tó sanwó. Bí IRFZ44N nìkan ni ẹ bá rí, tàbí tó jẹ́ bọ́ọ̀dù ESP32 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú fóòtì 3.3 jáde lẹ ń lò, ẹ fi TC4427, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí gate fún wa, sáàárín. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti fóòtì 2.4 sókè, ó sì ń fi fóòtì 12 bátìrì ṣí gate. Bí sólà yín bá jẹ́ fóòtì 24, ẹ má fún un ní 24 tààrà: 18 ni TC4427 ń gbà mọ, gate IRFZ44N kì í kọjá 20, ti IRLZ44N kì í kọjá 16.

Bí wọ́n bá fi trànsístọ̀ TIP122 lọ̀ yín dípò MOSFET, ẹ ronú lórí èyí. Bí áńpù 3 bá ń kọjá, TIP122 lè jẹ tó fóòtì 2 mọ́ mótà lọ́wọ́, ìyẹn wáàtì 6 tó di ooru. IRLZ44N, tó ní òómù 0.025 nígbà tó bá ṣí, ń sọ wáàtì 0.23 nìkan di ooru. Ọ̀kan nílò irin ńlá lẹ́yìn, èkejì lè dúró lásán.

Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ máa yí sápá méjì

Fún mótà ńlá, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni rẹ́lẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún méjì, kí MOSFET tí a sọ lókè wà lábẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ 30 rẹ́lẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹsẹ̀ mótà kọ̀ọ̀kan, 87 méjèèjì lọ sí +, 87a méjèèjì lọ sí drain, níbi tí mótà ti so tẹ́lẹ̀. Rẹ́lẹ́ kìíní tàn, mótà yí sọ́tùn-ún. Èkejì tàn, ó yí sósì. 85 àti 86 ni ẹsẹ̀ wáyà inú rẹ́lẹ́, wọ́n ń jẹ ju mílíáńpù 100 lọ, nítorí náà ẹ fi trànsístọ̀ BC337 tàn wọ́n, pẹ̀lú rẹ́sísítọ̀ òómù 470 láti ẹsẹ̀ Arduino, kí ẹ sì fi 1N4007 sórí wáyà rẹ́lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín ni 1N4007 ti wúlò. Nínú ètò tí ẹ kọ sínú Arduino, ẹ pa MOSFET ná, ẹ dúró títí mótà yóò fi dúró, kí ẹ tó yí rẹ́lẹ́ padà. Ẹni tó bá ń yí rẹ́lẹ́ padà nígbà tí iná ṣì ń kọjá, iná á máa ta nínú rẹ̀, títí ẹnu irin inú rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ra tí kò ní yọ mọ́.

Fún róbọ́ọ̀tì kékeré, bọ́ọ̀dù ló dáa. L298N tún padà wá síbí: ọgbọ́n àtijọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ fóòtì 1.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí áńpù 1 bá ń kọjá. Fún bátìrì fóòtì 12, ìyẹn ṣeé fara dà. Fún bátìrì fóòtì 6, nǹkan bí 4 péré ló máa dé ọ̀dọ̀ mótà, róbọ́ọ̀tì á máa wọ́, ọmọ ilé ìwé á lọ ra bátìrì tuntun, bátìrì ò sì lẹ́bi. TB6612FNG ló yẹ kó rà: áńpù 1.2 láìdábọ̀, 3.2 fún ìgbà kúkúrú, òómù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.5, mótà tó jẹ áńpù 0.5 á pàdánù nǹkan bí fóòtì 0.25 nìkan. Kí fóòtì mótà má ju 13.5 lọ. DRV8833 náà dáa, àmọ́ fóòtì 10.8 ni òpin tirẹ̀, bátìrì ọkọ̀ á pa á. Bí áńpù bá pọ̀ tí ẹ ò sì fẹ́ rẹ́lẹ́, bọ́ọ̀dù BTS7960 wà, fóòtì 5.5 sí 27. Wọ́n ń kọ áńpù 43 sí i lára, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀: nínú ooru tiwa, lábẹ́ páànù, mi ò ní fi ju áńpù 10 lọ lé e lórí láìsí fáànù.

H-bridge tí ẹ ó fi MOSFET mẹ́rin ṣe fúnra yín, ẹ fi sílẹ̀ ná. MOSFET méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ ṣí pọ̀, kódà fún ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, torí ìkọlù iná láti + sí − ni. Nǹkan bí IR2104 ń fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọ á ti sun MOSFET tó pọ̀ tó owó BTS7960 kan kó tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ tán

Pátákó oníhò tí wọ́n ń pè ní breadboard kò wà fún iná mótà, nǹkan bí áńpù 1 ni ihò rẹ̀ ń gbà kó tó máa yọ́. Ẹ jó wáyà mọ́ra pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Wáyà ojú ihò iná ilé, 2.5 mm², tó fún mótà wáípà. Kàpásítọ̀ 100 nF, ẹ jó o sórí ẹsẹ̀ méjèèjì mótà gan-an, torí iná tó ń ta lórí kábọ̀n ló ń mú kí Arduino ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kàpásítọ̀ 1000 µF wà láàárín + àti −, nítòsí MOSFET. Ẹ wo àmì − ara rẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá so ó sódì, ó lè bẹ́.

Ẹ má tíì fi fúùsì sí i. Ibi tó yẹ kí fúùsì wà ni kí ẹ so gílóòbù clignotant yẹn sí, kí ẹ tó tan bátìrì. Kí Arduino tó ní kí mótà yí, gílóòbù kò gbọ́dọ̀ tàn rárá. Bó bá tàn gbòò lójú ẹsẹ̀, ìkọlù iná wà níbì kan: MOSFET tó ti kú, tàbí ẹsẹ̀ méjì tí lẹ́ẹ̀dì so pọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ní kí mótà yí ló tàn gbòò, tí mótà kò sì yí, díóòdù lè wà sódì. Kò sí nǹkan tó máa jó, ẹ ráyè wá a. Bó bá dákẹ́, tí ẹ ní kí mótà yí, tí gílóòbù ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́ tí mótà sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìsopọ̀ yín dára. Ẹ yọ gílóòbù, ẹ fi fúùsì sí i.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ẹrù gidi lórí rẹ̀, ní ọ̀sán, níbi tí ẹ fẹ́ gbé e sí gan-an, kì í ṣe lábẹ́ fáànù nínú yàrá. Ẹ pa á, kí ẹ fi ìka kan irin ẹ̀yìn MOSFET. Bí ìka yín bá lè dúró lé e, ẹ má da ara yín láàmú. Bí ẹ ò bá lè fi ìka síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ de irin atúyọ ooru tí ẹ yọ nínú pówà kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí ẹ sì tún wo lẹ́tà L yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.